Fọ́ọ̀mù Màmá ìsàlẹ̀

Ọjọ́rú, alẹ́

Màmá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní kí n bá òun dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí káàdì tí àwọn àgbàlagbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lówó pọ́ọ́kú. A tò, a dé iwájú káńtà, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò sì jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àwọn kì í gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èèyàn mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà, ó wá nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́tà ara bébà náà kéré débi pé èmi gan-an ní láti súnmọ́ ọn kí n tó rí i kà.

Màmá wojú mi. “Ṣé inú ẹ̀rọ ni kí n wọ̀ lọ bá wọn ni?”

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ inú mi ò dùn. Mi ò dá obìnrin yẹn lẹ́bi. Èrò tó wà lẹ́yìn wa kì í ṣe kékeré, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa wí ló sì ń wí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé káàdì yẹn wà, ẹ̀tọ́ Màmá ni, wọ́n ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Síbẹ̀ ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí ọmọ rẹ̀ ò sí nítòsí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, òun ni wọ́n ní kó lọ fi kọ̀ǹpútà tọrọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n torí wọn gbé ètò náà kalẹ̀ gan-an ni kò rọ́nà wọlé.

Ilé ìkàwé ni a gbà lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ gbé àga fún Màmá kó tó béèrè ohun tí a bá wá. Ó sọ lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà di ńlá, ó ń kà á sókè, Màmá ń dáhùn. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè àdírẹ́sì ímeèlì, mo rò pé ó ti parí nìyẹn, torí Màmá ò ní irú rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin yìí kàn tẹ ibì kan nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní wọn yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ká ní èmi nìkan ni, mi ò bá má rí ibẹ̀ láéláé.

Mo bi í bóyá iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwé lòun kọ́, àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, àwọn tó ń bá fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà ìwáṣẹ́ wá máa ń pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ yá ìwé lọ. Ilé ìkàwé ìjọba ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ti rí irú èyí tipẹ́. Ní 2009, wọ́n gba òṣìṣẹ́ ètò ìgbáyégbádùn kan sínú ilé ìkàwé náà, kó máa bá àwọn tí kò nílé lórí, tó ń wá jókòó síbẹ̀, wá ibùgbé àti ìtọ́jú. Ó yẹ kí ó tàn dé ibi gbogbo. Kò dáa kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwé máa fi àánú ojú ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú owó oṣù rẹ̀.

Nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí, èyí tí Britain dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló wù mí jù. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 ni wọ́n kéde ogun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, nǹkan bí 200 ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ti ṣílẹ̀kùn, Citizens Advice Bureau ni wọ́n pè é. Ẹni tí káàdì tí ìjọba fi ń pín oúnjẹ fún un sọnù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ sójú ogun tí gbèsè wá kù sí i lọ́rùn, ẹni tó ń wá ẹbí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Àní wọ́n tún ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹṣin ṣe di ọ́fíìsì kan, kí wọ́n lè máa lọ bá àwọn tí bọ́ǹbù ti ba àdúgbò wọn jẹ́. Nínú ogun o! Tiwa, ògiri ló ní ká lọ kà.

Bí ọwọ́ mi bá tẹ agbára, nọ́ńbà kan tó rọrùn láti há sórí ni n ó kọ́kọ́ wá. Màmá mọ tẹlifóònù rẹ̀ onítẹ̀ẹ́ lò dáadáa. Ní Atlanta, láti 1997, ẹni tó bá tẹ 211 yóò bá èèyàn sọ̀rọ̀, onítọ̀hún yóò sì júwe ibi tó ti lè rí ìrànlọ́wọ́ owó ilé, oúnjẹ tàbí ìtọ́jú. Ní 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ya nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí jákèjádò Amẹ́ríkà.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Màmá sọ fún mi pé obìnrin kan tí àwọn jọ jókòó nílé ìwòsàn ló sọ ọ̀rọ̀ káàdì yìí fún òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò bá má gbọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rẹ́ni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo rántí ooru tó mú ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje 1995. Àwọn tó bá a lọ lé ní 700, àgbàlagbà tó ń dá gbé sì pọ̀ nínú wọn. Onímọ̀ àwùjọ kan, Eric Klinenberg, fi àdúgbò méjì tó kángun síra wéra. Òṣì ń bá àwọn méjèèjì fínra, àgbàlagbà tó ń dá gbé wà ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ikú pa ọ̀kan ju èkejì lọ fíìfíì. Níbi tí èrò ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú pópó, tí ìsọ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn àgbà ń jáde, àwọn ará àdúgbò sì ń fura bí wọn ò bá rí wọn. Níbi tí ilé ti dahoro tí ẹ̀rù sì ń ba èèyàn láti jáde, kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí.

Wọ́n ní káàdì Màmá yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kó tó dé, ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òpópónà kejì pé ọmọ òkè ilé òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá yẹn pè mí lálẹ́ yìí. Tiwọn kì í tilẹ̀ ṣe ti bọ́ọ̀sì, owó iná ni. Mi ò mọ nǹkan kan nípa owó iná. Mo ti ní kí wọ́n jẹ́ ká pàdé nílé ìkàwé lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n sì mú bíìlì tó dé kẹ́yìn dání.