Ẹ Má Gbé Adápítọ̀ Lọ Síbi Tí Wọn Ò Ti Ní Tún Un Ṣe Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbóná lára mi ni mo ṣe ní kí n tètè kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò lórí DSLR, kámẹ́rà tó ní jígí nínú, bọ́ sórí mirrorless full-frame tí kò ní jígí, tẹ́ ẹ wá ń lo adápítọ̀, òrùka tó ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà tí wọn ò ṣe é fún, kí àwọn lẹ́ǹsì tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí wọn ò bá ti lè tún nǹkan ṣe fún yín lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún mount kámẹ́rà yín, ìyẹn ojú ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ kámẹ́rà, ni kẹ́ ẹ gbé lọ.

Sony A7 III, mirrorless ni, ni mò ń lò, ṣùgbọ́n Canon EF, lẹ́ǹsì DSLR Canon, ni gbogbo lẹ́ǹsì mi nígbà yẹn, torí 5D Mark III ti Canon ni mo fi jẹun tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Owó body, kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì, nìkan ti gbọn àpò èèyàn gbẹ, mélòó nínú wa ló máa rówó ra lẹ́ǹsì 24-70 àti 70-200 tuntun lé e lẹ́ẹ̀kan náà, adápítọ̀ náà ló kù. Mo dẹ̀ ti tẹ́ẹ̀sì tèmi dáadáa o, mo ti fi ya ọjọ́ ìbí, mo ti fi ya ìsọmọlórúkọ, mo ti lò ó nínú sítúdíò, kò yọ mí lẹ́nu. Mò ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mi ò múra sílẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ìdána kan ní Ìbàdàn. Bàbá ìyàwó ti dàgbà gan-an, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, láti àárọ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé fọ́tò bàbá àtọmọ wọn ni àwọn ń retí jù nínú gbogbo ẹ̀. Alága ìjókòó ní kí ìyàwó lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí ẹ̀, ó kúnlẹ̀, bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n bú sẹ́kún. Bàbá tí àwọn ọmọ wọn ní àwọn ò rí omi lójú wọn rí. Mo ti dúró síbi tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ dáa, mo tẹ shutter, fókọ́ọ̀sì lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ, kò mú nǹkan kan, ojú ìyàwó kàn ń ṣe bàìbàì nínú viewfinder, mo tún tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ dì. Ibi tí f/2.8, iye tí ojú lẹ́ǹsì ṣí tó, máa ń wà lójú skríìnì, F-- ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé kámẹ́rà ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ pé lẹ́ǹsì wà lẹ́nu òun. Mo pa á, mo tàn án. F--. Mo yọ lẹ́ǹsì àti adápítọ̀, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu àwọn irin wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn wọn, mo dá a padà. F--. Mò ń gbọ́ "àmín, àmín" lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé àdúrà ti ń lọ sópin, gbogbo ara mi ti tutù. Ìgbà tí mo fi yọ bátìrì tí mo tún un kì bọ̀ ọ́ tí lẹ́ǹsì fi jí, ìyàwó ti dìde, wọ́n ti ń nu ojú bàbá, alága ti mú orin sẹ́nu. Ìyá ìyàwó yíjú sí mi, wọ́n ní, "Fọ́tò, ṣé o yà á?" Ẹnu mi wúwo.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló yọ wá, òun ti yà á látẹ̀gbẹ́, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ta 24-70 tí mo lò lọ́jọ́ yẹn, mo ra lẹ́ǹsì Tamron 28-75mm f/2.8 tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún E mount, mount Sony, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí. Lẹ́ǹsì yẹn ò níṣòro, kámẹ́rà náà ò níṣòro, àárín wọn ni wàhálà wà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe adápítọ̀ náà. Jígí tó wà nínú DSLR máa ń gba àyè, ìdí nìyẹn tí mount EF fi jìnnà sí sensor, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, tó 44 mm, ti Sony E dẹ̀ jẹ́ 18 mm péré. 26 mm tó kù ni adápítọ̀ ń dí, kò sí gíláàsì kankan nínú irú tèmi, torí náà àwòrán kì í bàjẹ́, ó máa ń mọ́ kedere. Èyí ló ń tan èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ń bá ara wọn sọ ló le, torí adápítọ̀ ń ṣe bí ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni: tí pásítọ̀ bá rọra ń wàásù, ògbufọ̀ á bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n tí iwájú bá ti gbóná, pásítọ̀ ti sọ mẹ́ta kó tó túmọ̀ ọ̀kan. Ìgbà tí iṣẹ́ bá gbóná náà la dẹ̀ ń nílò fókọ́ọ̀sì jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Canon R, mirrorless Canon, tiyín yàtọ̀, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Canon fúnra wọn ló ṣe adápítọ̀ EF sí RF nígbà tí wọ́n gbé RF, mount mirrorless wọn, jáde ní 2018, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ máa lo EF yín lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Nikon Z, mirrorless Nikon, lẹ́ǹsì AF-S yín tó ní mọ́tò nínú á ṣiṣẹ́ lórí FTZ, adápítọ̀ Nikon, ṣùgbọ́n 50mm f/1.8D tí púpọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́ ò ní lè mú fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ níbẹ̀, torí kò sí mọ́tò nínú FTZ tó máa yí i. Tamron tí mo rà náà, ẹ rí i pé kì í ṣe Sony ni orúkọ tó wà lára ẹ̀. Mount ni kẹ́ ẹ wò.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ adápítọ̀ nù o. Tẹ́ ẹ bá ń ya oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá ń ya bàtà fẹ́ni tó ń tà á, bàtà ò ní sá lọ. Lẹ́ǹsì àtijọ́ bíi Helios 58mm tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ó dùn lò púpọ̀, ẹ tan focus peaking, tó ń fi àwọ̀ hàn yín níbi tí fókọ́ọ̀sì mú, kẹ́ ẹ dẹ̀ fọwọ́ tẹ 58mm sínú kámẹ́rà kí SteadyShot, tó ń dín gbígbọ̀n kámẹ́rà kù, lè mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń sunkún lórí ọmọ ẹ̀, ẹ ò lè ní kí wọ́n tún sunkún. Ìbúra ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò lè ní kí wọ́n tún búra. Isà òkú, ta lẹ máa sọ fún? Ẹ jọ̀ọ́, native, lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún mount yín gan-an, ni fún àwọn yìí, bó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ rí rà, bó jẹ́ 50mm lásán.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ gbé adápítọ̀ lọ síbi ìnáwó, kí body kejì tó ní lẹ́ǹsì native wà lọ́rùn yín, kì í ṣe nínú báàgì. 70-200 f/2.8 ti Canon fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀, ẹ fọwọ́ gbé lẹ́ǹsì fúnra ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa fì lórí adápítọ̀. EF 85mm mi ló kù tí mi ò tíì tà, tẹ́nikẹ́ni bá ní Sony 85mm f/1.8 tòkunbọ̀ tó mọ́, kó kàn sí mi.