Ẹni tó níwèé ló ni àdúgbò ní Houston

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní London kì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé Houston tí mo ń gbé ní Amẹ́ríkà ò ní òfin zoning, ìyẹn òfin tó ń là á sílẹ̀ pé apá ibí wà fún ilé gbígbé, apá ọ̀hún fún ìtajà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní kí aráàlú dìbò lé e lórí, ní 1948, 1962 àti 1993, ẹ̀ẹ̀mẹta náà sì ni wọ́n dà á nù.

Ìyẹn ò wá ní kí olúkúlùkù máa kọ́lé bó ṣe wù ú o. Ṣáájú 1998, ilẹ̀ ilé kan ò gbọdọ̀ kéré sí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, ìyẹn pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 tí gbogbo wa mọ̀ nílé. Ọdún yẹn ni ìlú gbà kí wọ́n lè gé e kéré dé 1,400 láàárín ọ̀nà márosẹ̀ 610 tó yí ìgboro po. Ní 2013, wọ́n nà án dé ìyókù ìlú. Bó ṣe di pé wọ́n ń wó búńgálò kan, tí wọ́n ń fi ilé mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ nìyẹn, gbogbo wọn gàgàrà, alájà mẹ́ta.

Ọ̀kan nínú irú wọn lèmi àti ìdílé mi ń gbé ní àdúgbò Third Ward, nítorí náà ẹ má retí pé kí n bú wọn. Alief la wà tẹ́lẹ̀, níbi tí èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ ò ti jìnnà síni, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti ibẹ̀ dé Texas Medical Center tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Ká ní ilé kan ṣoṣo ló ṣì wà lórí ilẹ̀ tá a wà yìí ni, owó wa ò ní ká a láéláé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má kọ́ irú ilé yìí mọ́, kó sọ ibi tí nọ́ọ̀sì àti tíṣà máa gbé.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Àdúgbò olówó bíi River Oaks ò yí padà, torí májẹ̀mú wà nínú ìwé ilẹ̀ wọn, tó sọ irú ilé tí wọ́n lè kọ́ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rú u, agbẹjọ́rò ìlú gan-an lè pè é lẹ́jọ́, owó gbogbo wa ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Irú ìwé yẹn náà ni wọ́n fi ń dènà ẹni dúdú nígbà kan, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó sọ ní 1948 pé ilé ẹjọ́ kankan ò gbọdọ̀ ti irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́. Ní Fourth Ward, níbi tí àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀dó sí lẹ́yìn 1865, kò sí ìwé tó lágbára bẹ́ẹ̀. Kọ́ńtírákítọ̀ dé, ó fowó lélẹ̀, katakata wólé.

Ìyá àgbà kan, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, wà lódìkejì ilé wa. Fáráńdà ni wọ́n máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Mo bi wọ́n bóyá ilé wa ń bí wọn nínú.

"Ilé ò ṣe mí ní nǹkan kan," wọ́n ní. "Gáréèjì á ṣí, mọ́tò á wọlé, gáréèjì á padé. Ta ni kí n kí?"

Òótọ́ ni. Wọn ò ṣe fáráńdà sílé tiwa. Ọ̀nà mọ́tò ló gba àárín kọjá, a kọjú síra bíi face-me-I-face-you, àfi pé a ò tiẹ̀ ríra débi tá a máa jà.

Owó orí ilé tó ń ròkè bí ilẹ̀ àdúgbò ṣe ń gbówó lórí tún ńkọ́? Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù, orí ilé ni wọ́n di púpọ̀ nínú ẹ̀ lé. Ìyá yìí ti kọjá ọdún 65, wọ́n sì lè tìtorí ìyẹn dá apá tó ń lọ sílé ìwé nínú owó orí ilé wọn dúró síbi tó wà. Ayálégbé ò nírú ẹ̀. Lanlọ́ọ̀dù á kàn fi lé owó ilé ni.

Òpópónà Holman, ní Third Ward wa níbí, ni mo ti rí i pé èèyàn lè kọ́lé sí i láìba àdúgbò jẹ́. Ní 1993, Rick Lowe àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Project Row Houses níbẹ̀, wọ́n tún ilé onípákó 22 tó ti fẹ́ dahoro ṣe. Àwòrán irú ilé yẹn tí John Biggers, olùkọ́ ní Texas Southern University, máa ń yà ló ta Lowe jí. Ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, yàrá tẹ̀lé yàrá, fáráńdà níwájú. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, sọ pé láti Haiti ló ti dé New Orleans, pé gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nínú ilé oníyàrá méjì ti àwa Yorùbá. (Ẹ wo bí mo ṣe rìn padà lọ wò ó!) Wọ́n tún dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń kọ́ ilé tuntun fún àwọn tówó wọn ò pọ̀, ìdílé méjì nínú ilé kan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rice University. Èrò pọ̀ sí i, fáráńdà ò kúrò, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lè rówó ẹ̀ san.

Ìwé kan ń lọ káàkiri òpópónà wa báyìí. Òfin gba àwọn onílé láyè láti bẹ ìlú pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n gé ilẹ̀ ibẹ̀ kéré mọ́. Ẹni tó ń gbé e kiri, ilé alájà mẹ́ta lòun náà ń gbé, ẹ̀yìn wa ló sì kó dé! Mo kà á látòkè délẹ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ ni ṣáá. Kò mẹ́nu kan owó ilé rárá. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ìyá òdìkejì, kó gbọ́ tẹnu wọn ná kó tó padà sọ́dọ̀ mi.