«Ta ni Capybara?» Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé Àjíǹde

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà jẹ́ akọ̀wé níbì kan: akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú, akọ̀wé ìjọ, akọ̀wé àwọn tó jọ jáde nílé ìwé. Ẹni tó bá ti ní láptọ́ọ̀pù, òun náà ni wọ́n á ní kó ṣe sláìdì. Bí wọ́n ṣe mú èmi náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi kò sì tíì rọ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé mò ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fara dà á fún mi.

Ìlú wa ní Ìjùmú kò tóbi, ṣùgbọ́n bí Àjíǹde bá dé, ńṣe ló máa ń kún fọ́fọ́. Àwọn ará Abuja á gba Lọ́kọ́jà àti Obajana wọlé, tírélà sìmẹ́ǹtì á sì fojú wọn rí màbo. Kànga ẹ̀rọ la fẹ́ gbẹ́ lọ́dún yìí, agbo ilé méje ló sì dáwó. Àwọn àgbà ní kí n fi iye tí ilé kọ̀ọ̀kan dá hàn lára ògiri gbọ̀ngàn, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n kó òun jẹ.

Google Slides, tí èèyàn púpọ̀ lè jọ kọ sláìdì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ṣe é, torí ìgbìmọ̀ wa fọ́n ká: Èkó, Abuja, Ìlọrin. Mo tẹ Share, mo yan «Anyone with the link», mo yan Editor kí ẹni tó bá ní líǹkì lè tún un kọ, mo ju líǹkì náà sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ dákun, kí ẹ tó bú mi: ta ló fẹ́ jókòó máa tẹ ìméèlì èèyàn mẹ́rìnlélógún níkọ̀ọ̀kan? Ìdajì wọn ni kò rántí ìméèlì ara wọn. Iṣẹ́ sì yá lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a ní sláìdì mẹ́rìndínlógún tó dùn-ún wò.

Lọ́jọ́ náà, mo ti dé gbọ̀ngàn láti aago mẹ́sàn-án. Wọ́n yá pírójẹ́kítọ̀, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo fi dátà fóònù mi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé sláìdì kẹsàn-án, ti owó, kò ní àpapọ̀ nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo sọ̀rọ̀ dé sláìdì kẹjọ, àwòrán ibi tí a fẹ́ gbẹ́. Bàbá Alága ní òun kò rí i dáadáa, kí n sún un mọ́ àwọn. Mo tẹ Esc, mo sún un. Mo wá ní kò sí ìdí láti tún padà sí ojú ńlá, mo kàn tẹ sláìdì kẹsàn-án báyìí. Orúkọ ilé méje, owó méje. Mo ka ilé kìíní, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ka ìkejì. Mo ń ka ìkẹta lọ́wọ́ nígbà tí ọmọdékùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ níwájú nawọ́ sí ògiri.

Mo yíjú. Ìlà pẹ́ńpẹ́ kan tó pọ́n bí osùn dúró sí ìdí owó ilé kẹrin, àmì kékeré wà lórí rẹ̀: Anonymous Capybara. Owó náà ń lọ. Òdo kan, òdo kejì, ẹ̀kẹta, bí ẹni tí ń ṣa ìrẹsì kúrò nínú àwo. Owó tán. Ó kan orúkọ ilé. Lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, títí ìlà kẹrin fi ṣófo. Lẹ́yìn náà Capybara fúnra rẹ̀ pòórá.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ilé kẹrin yìí àti ilé bàbá mi ti ń fa ilẹ̀ kajú kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Ta ló dúró nídìí kọ̀ǹpútà? Èmi. Ọmọ ta ni mí? Ẹ ti gbọ́.

Ọmọdé yẹn ka àmì náà sókè: «Anonymous Capybara!» Bàbá kan ní ẹ̀yìn béèrè pé, «Ọmọ ilé ta nìyẹn?» Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Màmá kan láti ilé kẹrin dìde, ó tún gèlè rẹ̀ so, ó ní, «Orúkọ ilé wa dà?» Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo tẹ Ctrl+Z kí n fi dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Ctrl+Z ń gba ènìyàn là, ẹ gbọ́: bí ẹ bá jọ wà lórí sláìdì kan, ohun tí ìwọ alára ṣe nìkan ló ń yí padà, kò kan ti ẹlòmíràn. Ohun tí èmi sì ṣe kẹ́yìn ni àpapọ̀ tí mo tẹ̀ láàárọ̀. Lójú gbogbo ìlú, àpapọ̀ owó náà tún pòórá. Ẹnì kan kígbe pé, «Ó tún ti pa owó rẹ́ o!» Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Bó ṣe parí kò gùn. Mo lọ sí File, Version history, mo yan ti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo tẹ Restore, gbogbo rẹ̀ padà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń fà tó. Nígbà tó di aago kan ni bọ̀dá kan láti Abuja wọlé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ọmọ ilé kẹrin ni, ẹ gbà mí! Owó àfikún wọlé fún ilé wọn láàárọ̀, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé itan nínú mọ́tò, ó ní kí òun pa iye àtijọ́ rẹ́ kí òun kọ tuntun, kí òun sì fi àmì ohùn sí orúkọ ilé wọn tí mo kọ lófìfo. Ó pa á rẹ́ tán, wọ́n wọ ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò fi ìméèlì rẹ̀ wọlé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Google máa ń fún ní orúkọ ẹranko, ìdí nìyẹn tó fi di capybara.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń dùn mí jù: tó bá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ padà sí Share, ẹ sọ Editor yẹn di Viewer, ẹni tó kàn lè wò ó. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó pè yín. Bó ti wù kó jẹ́ olóyè tó, Viewer. Kí ọjọ́ náà tó dé, Commenter tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á sọ èrò wọn sí ẹ̀gbẹ́, wọn kò ní fọwọ́ kan ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí Editor jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ tẹ ìméèlì wọn sí i, kí orúkọ wọn lè máa hàn. Ẹ wo inú ààtò Share náà, torí Editor lè fi ẹlòmíràn kún un láìbi yín, àfi tẹ́ ẹ bá yọ àmì ibẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀dà PDF sórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú. Ká ní mo ní in ni, Capybara ì bá pa á rẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ògiri kò ní mọ̀. Àwọn kan ní PowerPoint ló yẹ kí n gbà. Ó dára, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn kò bá ní irú lẹ́tà tẹ́ ẹ lò, àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà lè dàrú. Ohun tó ṣe kókó ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ̀.

Bọ̀dá yẹn ti bẹ ìlú, ó sì sọ fún gbogbo ilé wọn pé òun ni. Lánàá, ní ọjà Kabba, mo rí màmá tó dìde yẹn nídìí ẹlẹ́lùbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, «Òkun o, Màmá.» Ó dá mi lóhùn, ó ní, «Òkun, Capybara,» ó sì ń bá ẹlẹ́lùbọ́ ná ọjà lọ.