Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Mi Táyà Yín Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Aláìmẹ́ntì

Oṣù méjì gbáko ni mo fi wa Corolla mi tí sítíárìn ẹ̀ wọ́ bíi fìlà gọ̀bì. Tí mọ́tò bá ń lọ tààrà báyìí, àmì Toyota àárín sítíárìn á ti tẹ̀ sápá òsì. Gálọ́ọ̀pù kan ní Ìwó Road ló dá a sílẹ̀, òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, omi bò ó, mo rò pé omi lásán ni, àfi gbìì!

Mo ṣe aláìmẹ́ntì o, ìyẹn títún ibi tí táyà kọjú sí tò kó lè tọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo nọ́ńbà di gírínì, mo sanwó, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà síbi tó wà. Ìgbà tí mo wá ń lọ Èkó lojú mi já a. Títí dé Ògèrè ni mo ń bá sítíárìn jìjàkadì, tí mo bá dẹ ọwọ́ díẹ̀ ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ibẹ̀ làwọn tírélà sì máa ń páàkì sí o. Ọ̀kan yọ sí mi, mo tẹ búrékì, títì tutù, orí mọ́tò kàn fẹ́ wọgbó ni. Mi ò mọye ìgbà tí mo pe Jésù.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n júwe bàbá mẹkáníìkì kan ní Mọ́níyà fún mi. Bàbá ò mú sípánà kankan, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di táyà mú, ọ̀kan lósì ọ̀kan lọ́tùn-ún, wọ́n mì í: kọ̀, kọ̀, kọ̀. "Ṣé o gbọ́ ọ?" Tie rod end, ìyẹn oríkèé tó so irin sítíárìn mọ́ táyà, ti jẹ. Wọ́n tún dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ìyẹn ò mì, wọ́n ní ball joint (oríkèé tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì) àti bearing (èyí tó ń jẹ́ kí táyà máa yí geere) ṣì dáa. "Eyín tó ń mì tìtì, o wá ń fi pákò fọ̀ ọ́ kó lè dúró."

Ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an. Tie rod yẹn ló ń sọ ibi tí táyà máa kọjú sí, tó bá ti jẹ táyà á ya ẹsẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, kò ní yí dáadáa mọ́, ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀, títì á sì máa họ rọ́bà ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Lóde táyà mi ṣì dà bíi tuntun, àmọ́ nígbà tí mo fàtẹ́lẹwọ́ kan inú lọ́hùn-ún, wáyà gún mi. Abájọ tí kò lè di títì mú nínú òjò!

(Tó bá jẹ́ pé sítíárìn ń gbọ̀n nìkan ni, tẹ́ ẹ bá ti ń sáré bíi 80 sí 100, balancing, ìyẹn bóyá ìwúwo táyà dọ́gba yí ká, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá sì ń fà sápá kan, ẹ kọ́kọ́ wọn atẹ́gùn táyà ná, ìyẹn ò náni ní nǹkan kan.)

A pààrọ̀ tie rod end, mo ra táyà iwájú méjì, ìgbà yẹn ni mo tó lọ ṣe aláìmẹ́ntì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sítíárìn sì dúró ṣánṣán. Àfi fọganáísà tó bá mi yọ táyà àtijọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi, ẹnì kan máa rà á." Mo ní kó mú ọ̀bẹ wá, ojú mi ló ṣe dá a lu.