Ìbú ni àbí òró ló ń ṣíwájú?

Bá a ṣe lè kọ láíbùrárì (àkójọ kóòdù táwọn ẹlòmíì lè lò) fún iṣẹ́ àwòrán, tí kò ní ṣi ẹni tó ń lò ó lọ́nà, lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ jẹ́ ká fi OpenCV, ọ̀kan lára irú láíbùrárì bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ka fọ́tò kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 640, tí òró rẹ̀ jẹ́ 480. `img.shape` á sọ pé `(480, 640, 3)`: òró ló ṣíwájú, 3 tó kẹ́yìn ni iye àwọ̀. Ẹ fẹ́ dín in kù sí ìdajì, ẹ wá kọ `cv2.resize(img, (240, 320))` (`cv2` ni orúkọ OpenCV nínú Python). Kọ̀ǹpútà ò ní jiyàn. Àmọ́ fọ́tò tó máa jáde á rí gbọọrọ, ojú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ á fún pọ̀, torí ìbú ni `resize` ń retí níwájú.

Scikit-image, láíbùrárì àwòrán míì, ní tirẹ̀, òró ló ń kọ́kọ́ gbà. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Kí ilé kan náà máa sọ ohùn méjì ló burú, kí nọ́ńbà méjì sì dúró síbẹ̀ láìlórúkọ. Bẹ́ ẹ bá ń kọ láíbùrárì tiyín ní Python, ẹ ṣe é báyìí:

`def resize(img, *, width, height):`

Ìràwọ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `resize(img, 240, 320)` á rí `TypeError` (àṣìṣe tó ń dá kóòdù dúró) lójú ẹsẹ̀, àfi kó dárúkọ èyí tó jẹ́ ìbú àti èyí tó jẹ́ òró.

`True` àti `False` náà ń fa irú ìdààmú yìí. Scikit-image ní `multichannel=True` tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ pé àwòrán ní àwọ̀, kò sọ ibi tí àwọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni PyTorch, láíbùrárì tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́, máa ń kó àwọ̀ síwájú: `(3, 480, 640)`. Ní ẹ̀dà 0.19, wọ́n gbé `channel_axis` wá láti rọ́pò rẹ̀: `-1` bí àwọ̀ bá wà lẹ́yìn, `0` bó bá wà níwájú, `None` bí kò bá sí rárá. Bẹ́ ẹ bá fi `None` fún `gaussian` (function tó ń sọ àwòrán di bàìbàì) lórí fọ́tò aláwọ̀, àwọ̀ pupa á ṣàn wọnú àwọ̀ ewé.

Èyí tó ń jẹ àwọn èèyàn níyà jù ni ìwọ̀n iye. Ẹ fún `skimage.transform.resize` ní `uint8` (nọ́ńbà odidi), 0 sí 255, `float` (nọ́ńbà onídẹ́símà) 0 sí 1 ló máa dá padà, àyàfi bẹ́ ẹ bá fi `preserve_range=True` sí i. Ẹni tí kò mọ̀, tó fẹ́ dá a padà sí odidi, á kọ `.astype("uint8")`, gbogbo àwòrán á sì di dúdú kirikiri, torí 0.73 ti di 0. Ohun tó wọlé ni kó jáde, lójú tèmi. Bí function yín bá fẹ́ yí irú dátà padà, kí orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Fáìlì tí kò sí ńkọ́? `cv2.imread`, tó ń ka fọ́tò látinú fáìlì, á dá `None` padà láìdá kóòdù dúró, àṣìṣe á wá yọjú ní ìlà ogún sísàlẹ̀, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa rántí fáìlì mọ́. `Image.open` ti Pillow, láíbùrárì àwòrán míì, á pariwo `FileNotFoundError` lójú ẹsẹ̀. Ti Pillow ni kí ẹ ṣe.

Tí ẹ bá wá fẹ́ pa orúkọ àtijọ́ tì, ẹ jẹ́ kó ṣì ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kó máa kìlọ̀. `DeprecationWarning`, ìkìlọ̀ pé wọ́n ń pa nǹkan tì, nìkan ò tó: Python máa ń fi pa mọ́ bó bá ti inú láíbùrárì wá. `FutureWarning` ni kí ẹ lò, pẹ̀lú `stacklevel=2`, kí ìkìlọ̀ náà lè tọ́ka sí ìlà tí oníkóòdù fúnra rẹ̀ kọ, kì í ṣe tiyín.