Ọlọ́wọ́ Òsì Ni Lara: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Àwòrán Agbá-Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi n'Íjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń wọlé tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba, kálukú ló fẹ́ kí nǹkan tuntun wà lára ògiri pálọ̀ òun. Bí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ Brian Lara, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies (ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù Karibeani) nígbà kan, fún yín, kí ẹ tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ ọwọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì ni.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Fọ́tò kan ṣoṣo ni oníbàárà mi fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun náà ló sì ní kí n má yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fọ́tò yẹn síta ti yí i sódì, bó ṣe máa rí nínú dígí. Wọ́n gbé iṣẹ́ kọ́ ògiri, àlejò kún pálọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n wà ní Government College Ìbàdàn dìde, wọ́n sún mọ́ àwòrán náà. Wọn ò wo ojú rárá, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lo yà yìí?" Mo ní, "Brian Lara ni, sà." Wọ́n ní, "Ọlọ́wọ́ òsì ni Lara. Ọwọ́ ọ̀tún ni eléyìí fi ń gbá a." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lójú gbogbo àlejò, mi ò sì mọ ibi tí mo lè fojú sí. Fọ́tò tí wọ́n fún mi ni mo yà o. Ojú jọ ojú, awọ jọ awọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ojú lọ́jọ́ yẹn. Mo tún un yà sórí kánfáàsì mìíràn, wọ́n gbà á, wọ́n san owó tó kù.

Ẹni tó mọ kíríkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Ọlọ́wọ́ òsì máa ń kọ èjìká ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa wà lókè lára èèkù báàtì (igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù), òsì á wà nísàlẹ̀. Láti mọ̀ bóyá wọ́n ti yí fọ́tò sódì, ẹ wo lẹ́tà ara báàtì. Bí lẹ́tà ò bá hàn, ẹ wo bọ́tìnì: lára ẹ̀wù ọkùnrin, apá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni bọ́tìnì máa ń wà, ihò rẹ̀ á wà lápá òsì. Ẹ má sì fi ọwọ́ tí ènìyàn fi ń kọ̀wé mọ ọwọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Òsì ni Sachin Tendulkar, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, fi ń kọ̀wé, ọ̀tún ló sì fi ń gbá a. Garfield Sobers ti West Indies ní tirẹ̀, òsì ló fi gbá a. Ẹ kọ ọwọ́ náà sínú ìwé àdéhùn, kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Ẹ má gba fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ wá bíi márùn-ún kún un.

Ẹ tún bi í léèrè ìdíje tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ayò (rọ́ọ̀nù) 400 tí Lara gbá sí England ní Antigua lóṣù kẹrin 2004, West Indies ló gbá a fún. Ayò 501 tó gbá ní pápá Edgbaston lóṣù kẹfà 1994, Warwickshire, ẹgbẹ́ kan ní England, ló gbá a fún, ẹ má fi fìlà West Indies sí i lórí. Aṣọ funfun àti bọ́ọ̀lù pupa ni méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ojú hàn, fìlà ni kí ẹ yà, nítorí irin iwájú hẹ́límẹ́ẹ̀tì á bo imú àti ẹnu. Àwọ̀ fìlà West Indies yẹn, ọ̀dà alizarin crimson (pupa) ni, pẹ̀lú burnt umber (búráùn) díẹ̀ àti ultramarine (búlúù) ṣín-ún.

Òfin ò gbà kí báàtì gùn ju ínǹṣì 38 lọ tàbí kó fẹ̀ ju ínǹṣì 4¼. Tí ẹ bá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mú un, kó má kọjá ìbàdí rẹ̀ púpọ̀. Ojú tó tẹ́jú ló ń kọjú sí bọ́ọ̀lù, ibi tó yọ gọngọ wà lẹ́yìn.

Kánfáàsì ínǹṣì 36 sí 48 dára. Bí ẹ bá fa ìlà sí i ní ínǹṣì 3-3, onígun mẹ́rin 192 lẹ máa rí, ìyẹn á jẹ́ kí ìka ọwọ́ bọ́ sípò. Fún awọ, ẹ po burnt sienna (búráùn tó pọ́n díẹ̀), yellow ochre (yẹ́lò) àti ultramarine. Dúdú láti inú ike máa ń pa awọ. Aṣọ funfun ló nira jù. Ibi tí oòrùn ti bà á gan-an nìkan ni kó funfun gidi. Òjìji rẹ̀, ẹ fi ultramarine àti sienna díẹ̀ sí funfun, kí ẹ sì ta àwọ̀ ewé koríko díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ṣòkòtò, torí pápá máa ń tàn sí aṣọ.

Lásìkò òjò bí irú èyí, titanium white kì í tètè gbẹ, burnt umber ló máa ń yá. Ẹ fi acrylic (ọ̀dà olómi) ṣe ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ fi ọ̀dà olóròóró lé e. Ẹ má ṣe é ní ìdàkejì, yóò bó. Bó bá ku díẹ̀ kí Ojúde Ọba pé, kí funfun fẹ́lẹ́, kó má nípọn. Fáníìṣì gidi ńkọ́? Ó kéré tán, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ó tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó fi ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún yín sílé.