Èédú Ìlú Ọba, Èédú Òkè-Àdó

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Nottingham, ilé gogoro mẹ́jọ kan wà lẹ́bàá ojú irin tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀, ooru funfun á máa rú lórí wọn bí ìkòkò ìnáwó. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ratcliffe-on-Soar ni. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń sun èédú inú ilẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n pa á, òun ló sì gbẹ̀yìn irú rẹ̀ ní gbogbo Ìlú Ọba. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sí kíṣìnnì mi, mo ń wo gílóòbù. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Mo pe àbúrò mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, kí n ròyìn fún un. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ra.

"Sista mi, ẹ jẹ́ n pa nǹkan yìí ná."

Télọ̀ ni. "I better pass my neighbour" ló ń lò, èyí kékeré tí wọ́n ń fokùn fà. Á fẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fà á lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó dáhùn, èéfín á sì kọ́kọ́ bo ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti fáànù nìyẹn lè gbé. Kò lágbára áyọ́ọ̀nù, torí náà èédú ni àbúrò mi fi ń lọ ṣòkòtò oníbàárà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti tó nǹkan bíi 1,000. Bó bá rán aṣọ mẹ́ta, owó iṣẹ́ ọ̀kan ti wọ inú táǹkì lọ.

Wọ́n ń sọ níbí pé láti 1990, èéfín kábọ́nì Ìlú Ọba ti dín kù tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ ajé wọn ń ga sí i. Òótọ́ ni, mo sì ń kan sáárá sí wọn. Gáàsì ló kọ́kọ́ gbapò èédú, kí àwọn ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí lójú òkun tó wá pọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà lọ́rùn mi, Bangladesh ni wọ́n ti rán an. Fóònù mi, Ṣáínà. Èéfín wọn ò sí nínú ìṣirò ìhín. Síbẹ̀ náà, èéfín ẹnì kan níbí lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ́dún, ti ọmọ Nàìjíríà kan ò sì tó ọ̀kan.

Èyí tó dùn mí jù rèé: Ratcliffe nìkan lágbára tó 2,000 mẹgawáàtì. Gbogbo Nàìjíríà, àwa tá a lé ní 200 mílíọ̀nù, 4,000 sí 5,000 la sábà máa ń pín láàárín ara wa. Níbi àpérò àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́ ní Glasgow, lọ́dún 2021, ìjọba wa ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tá à ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tá à ń kó kúrò lọ. Ó dáa. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí àwa dín èéfín kù, mo máa ń bi í pé, èéfín èwo? Èéfín ilé iṣẹ́ ń sanwó oṣù fún èèyàn. Èyí tí àbúrò mi ń fà símú, àìríná ló fà á, ó sì ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ run.

Lọ́dún tó kọjá, ó kó èsúsú, mo fi díẹ̀ kún un, ó ra sólà àti bátìrì. Nígbà tó pè mí, mò ń gbọ́ ohùn àlùmọ́gàjí bó ṣe ń gé aṣọ. Inú mi dùn débi pé mo ní kó má tíì sọ̀rọ̀.

Áyọ́ọ̀nù nìkan ni sólà náà ò tíì lè gbé. Abẹ̀bẹ̀ àti iná èédú ló ṣì wà nídìí ìyẹn.